Pọ́ǹpù Inú Ọkọ̀ Ìyá Sádé àti Iṣẹ́ Ayé Bàbá Mi Àgbà

Ọjọ́ Ajé ni, agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, nígbà tí bàbá mi àgbà wọ ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Súlè ní Odode láti kọ́ iṣẹ́ pọ́ǹpù. Mo bi wọ́n bí ó ṣe dá wọn lójú tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní aago ilé-ìwé tó wà lókè ọ̀nà ń dún lọ́wọ́ bí àwọn ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́nu ilẹ̀kùn, àti pé àná ọjọ́ náà ni àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì gbàdúrà fún àwọn nítorí iṣẹ́ tí àwọn fẹ́ lọ kọ́. Mo gba ẹ̀rí méjèèjì. Ọdún rẹ̀ ni wọn ò lè sọ ní pàtó, mi ò sì ní fi àbá tèmi dí i. Ohun tí mo lè sọ ni pé wọn ò tíì bí bàbá mi nígbà náà.

Ayọ̀délé ni orúkọ Bàbá, ṣùgbọ́n Bàbá Onípọ́ǹpù ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Ẹ̀rọ tó ń fa omi ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ jẹun: ti kànga, ti àwọn àgbẹ̀ kòkó, ti àwọn tó ń fọ́n oògùn sí igi, àti ti ọkọ̀ ojú omi lẹ́ẹ̀mejì péré. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé bíi tèmi, tí wọ́n ń rò ó bóyá iṣẹ́ ọwọ́ dára tàbí kò dára, ni mo ń kọ ọ́ fún. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ kọ́ iṣẹ́ pọ́ǹpù. Mo kàn fẹ́ sọ bí iṣẹ́ kan ṣe rí nígbà tí ènìyàn bá ṣe é láti ìgbà èwe títí di ọjọ́ ogbó.

Ohun tó mú mi kọ ọ́ nísinsìnyí ni obìnrin kan tó wá sílé wa lẹ́yìn tí Bàbá ti kó irinṣẹ́ wọn sínú àpótí. Ìyá Sádé ni orúkọ tí wọ́n ń pè é, apẹja ni ní odò Ofosu. Èjìká ọ̀tún rẹ̀ ti bàjẹ́. Kò lè máa wa ọkọ̀ kí ó tún máa gbọ́n omi tó ń jò sínú rẹ̀ dànù. Bí kò bá rí ẹ̀rọ tí yóò máa bá a gbọ́n ọn, yóò ta ọkọ̀ náà, yóò sì fi odò sílẹ̀. Pọ́ǹpù tí Bàbá àti ọ̀gá wọn fi sínú ọkọ̀ bàbá rẹ̀ nígbà kan rí ló rì í. Bàbá mi àgbà yìí kan náà ló tún wá bẹ̀. N ó padà sí i.

Bí wọ́n ṣe gba Bàbá síṣẹ́ ò gùn. Bàbá wọn mú wọn lọ, àwọn àgbà méjèèjì kí ara wọn, ó parí.

Mùsùlùmí ni Ọ̀gá Súlè, wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọn kì í sì í pariwo. Bàbá ní ìdákẹ́jẹ́ wọn ni àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń bẹ̀rù. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Bàbá ò fọwọ́ kan sípánà rárá. Awọ ni wọ́n ń gé. Pọ́ǹpù ayé ìgbà náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tì í, awọ kan sì wà nínú rẹ̀ tó rí bí ìdérí ìgò, tó ń dí ọ̀nà kí omi má baà padà. Ara bàtà àti báàgì àtijọ́ ni wọ́n ti ń gé e, wọn a sì rẹ ẹ́ sínú àdín kí ó lè rọ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ bá gé awọ tí kò yí dáadáa, Ọ̀gá Súlè ò ní bá a wí. Wọn a mú awọ náà, wọn a fi sínú pọ́ǹpù, wọn a sì tọ́ka sí àgbá ńlá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

"Ìwọ lo gé e," ni wọ́n máa ń wí. "Ìwọ ni kó o fi fa omi kún ìyẹn."

Awọ tí kò bá ara mu, omi inú rẹ̀ máa ń sá padà ni. Èyí tó yẹ kí ó gba ìwọ̀nba àkókò, ọmọ iṣẹ́ á máa tì í títí apá rẹ̀ á fi kú. Bàbá ní àgbá náà kọ́ àwọn ju ẹnu ọ̀gá lọ. Wọ́n fi awọ kan hàn mí tí wọ́n ṣì fi pamọ́, mo yí i po lọ́wọ́ mi, mi ò rí ibi tó wọ́.

Òfin mìíràn tún wà nípa àkókò ìrun. Bí wọ́n bá ti pe ìrun, Ọ̀gá Súlè á fi iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbọdọ̀ kúrò nídìí ẹ̀rọ títí tí yóò fi wà ní ipò tí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìṣèṣe. Bàbá kì í kírun, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n mú òfin yẹn lò títí tí wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ìwà ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa Ọ̀gá Súlè nìyí. Ọjọ́ kan, ọ̀gá béèrè pọ́ǹpù àgbẹ̀ kan.

"Délé, pọ́ǹpù yẹn ńkọ́?"

"Mo ti tún un ṣe tán, ọ̀gá. Kò ní bàjẹ́ mọ́."

"Ṣé o ti bá a dé oko ni?"

"Rárá o, ọ̀gá."

"Ṣé o ti rí ọdún tó ń bọ̀?"

"Rárá, ọ̀gá."

"Kí ni o rí?"

"Mo rí i pé ó ń fa omi báyìí."

"Èyí tó o rí ni kó o máa sọ fún oníbàárà."

Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ibí yìí ni ìwà tèmi náà ti wá, láti ọwọ́ Bàbá. Mi ò lè fi ẹ̀rí gbè é lẹ́yìn.

Ohun tó sọ Ọ̀gá Súlè di ẹni tí gbogbo àgbẹ̀ ń wá ni ọgbọ́n kan tí wọ́n mọ̀ nípa òkè. Ẹsẹ̀ àpáta ni ìlú wa wà. Omi máa ń dúró sínú kòtò lórí àpáta, oko sì wà nísàlẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì yòókù a gbé pọ́ǹpù lọ síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì a máa ké láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, epo a tán. Ọ̀gá Súlè ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn a fi pọ́ǹpù fa omi títí tí rọ́bà yóò fi kún, tí afẹ́fẹ́ kankan ò ní sí nínú rẹ̀ mọ́. Wọn a rí i dájú pé ẹnu rọ́bà tó wà lóko rẹlẹ̀ ju ojú omi tó wà lókè lọ. Lẹ́yìn náà, wọn a pa ẹ́ńjìnnì. Omi ò ní dúró. Á máa gun etí kòtò fúnra rẹ̀, á máa sọ̀ kalẹ̀ wá sóko. Mo lọ wo ọ̀kan tí Bàbá ṣe sí oko kan ní Aládé. Kò sí ẹ́ńjìnnì níbẹ̀ rárá, omi sì ń ṣàn ní gbogbo àkókò tí mo fi dúró.

Òfin kan ṣoṣo ni ọ̀gá fi lé wọn lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà: ẹnu rọ́bà ò gbọdọ̀ ga. "Gbé e wálẹ̀," ni wọ́n máa ń wí. "Gbé e wálẹ̀ sí i." Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin yìí ò tàsé rí.

Bàbá gba òmìnira, wọ́n fẹ́ ìyá mi àgbà, wọ́n sì yàn láti dúró ti ọ̀gá wọn dípò kí wọ́n lọ dá ṣọ́ọ̀bù tiwọn sílẹ̀. Nígbà náà ni Bàbá Mátíù dé. Ìlàjẹ ni Bàbá Mátíù, apẹja tó gòkè wá láti ìsàlẹ̀ omi, tó sì kọ́ ilé pákó sẹ́bàá odò Ofosu. Ọkọ̀ rẹ̀ kékeré ti gbó, ó ń jò díẹ̀díẹ̀, bí ó bá sì ti ń ju àwọ̀n, ó ní láti máa dúró kí ó fi kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé sí méjì gbọ́n omi dànù. Ó ti gbọ́ pé Súlè kan wà ní Odode tí omi máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ọ̀gá Súlè sì ti ra pọ́ǹpù kékeré kan tó ń fi bátìrì mọ́tò ṣiṣẹ́, wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò lò ó sí.

Wọ́n fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé ọkọ̀ odò náà wá sí Odode, nítorí pé ibẹ̀ ni irinṣẹ́ wà. Wọ́n gbé e ka orí búlọ́ọ̀kù láàárín ṣọ́ọ̀bù, ní ìlú tí odò tó lè gbé ọkọ̀ kò sí nítòsí rẹ̀. Ọ̀gá Súlè dúró níta ọkọ̀, Bàbá mú irin adáhò lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, ibo ni kí n dá ihò tí rọ́bà máa gbà tu omi síta sí?"

"Gbé e wálẹ̀."

"Ibí yìí ńkọ́?"

"Sí i."

Ẹni tó bá dàgbà lẹ́bàá odò ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Àwa ará òkè la ò mọ̀. Ọkọ̀ náà dé orí omi, ó fúyẹ́, ihò náà wà lókè omi díẹ̀, pọ́ǹpù ń tu omi jáde, inú Bàbá Mátíù sì dùn. Bẹ́ẹ̀ ló rí títí di ìgbà ìkórè kòkó. Àgbẹ̀ kan tí oko rẹ̀ wà ní òdìkejì odò wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá òun kó àpò kòkó sọdá. Wọ́n di ọkọ̀ náà kún. Bàbá Mátíù fi pọ́ǹpù gbọ́n omi tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó pa á, ó sì jókòó sábẹ́ igi pẹ̀lú àgbẹ̀ náà láti jẹun kí wọ́n tó tu ọkọ̀. Ẹrù ti tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ débi pé ihò náà ti wọ inú omi. Rọ́bà kún, pọ́ǹpù ti dákẹ́, ojú odò sì ga ju ìsàlẹ̀ ọkọ̀ lọ. Bí omi àpáta ṣe ń wọ oko ní Aládé láìsí ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ ni odò ṣe ń wọ ọkọ̀. Nígbà tí Bàbá Mátíù máa fọwọ́ tán, imú ọkọ̀ nìkan ló kù lókè.

Kò sí ẹni tó kú. Mo sọ ọ́ síbí kí òǹkàwé má baà máa bẹ̀rù rẹ̀.

Ọ̀gá Súlè kó gbogbo ọmọ iṣẹ́ lọ sí Ofosu lọ́jọ́ kejì. Wọ́n wọ ọkọ̀ náà sókè, wọ́n kó àwọn àpò kòkó tó ti rin padà wá sí Odode, wọ́n sì sá a sórí àpáta lẹ́yìn ilé. Ọ̀gá Súlè fúnra wọn ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó lórí àpáta bí obìnrin ilé àgbẹ̀. Àgbẹ̀ tó ni kòkó wá wò wọ́n, ó jókòó.

"Ọ̀gá Súlè, ẹ ṣeun o. Ẹ ti sọ mí di ẹni tó ń sá kòkó kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ máa bú mi, Bàbá," ni Ọ̀gá Súlè wí. "Ẹ ò tíì bú mi tó."

Ti Bàbá Mátíù ló dun Bàbá jù. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú pọ́ǹpù náà, ó fi igi dí ihò, ó sì gbé ẹ̀rọ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò bínú. "Ẹ gbà, ọ̀gá," ló wí. "Mi ò bá yín jà. Kẹ́ẹ̀gì mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé omi padà wọlé ni." Ó kí wọn, ó lọ. Láti ọjọ́ náà títí tó fi kú, ọwọ́ ló fi ń gbọ́n omi.

Ọ̀gá Súlè gbé pọ́ǹpù náà kọ́ sára ògiri níbi tí oníbàárà gbogbo ti lè rí i. Ọmọ iṣẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi í ni pé kí ló dé tí pọ́ǹpù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fi ri ọkọ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣàlàyé rẹ̀ kò ní fọwọ́ kan irin adáhò. Àwọn ará Odode náà ò jẹ́ kí ó sinmi. Bí òjò bá rọ̀ tí omi wọ ilé ẹnikẹ́ni, wọn a ní kí wọ́n lọ wo ibi tí Súlè fi rọ́bà sí. Bàbá ṣì ń sọ ọ́ fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín.

Nígbà tí Ọ̀gá Súlè kú, Bàbá ló jókòó sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ayé ẹ̀rọ yí padà lójú wọn. Awọ lọ, rọ́bà dé. Pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ lọ, ti epo dé. Lẹ́yìn náà ni èyí tí wọ́n ń sọ sínú kànga tí kì í pariwo, tí Bàbá kórìíra nítorí pé wọn ò lè gbọ́ ohun tó ń ṣe é. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ti oòrùn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó dé kẹ́yìn a máa wo fídíò lórí fóònù kí wọ́n tó tú ẹ̀rọ. Bàbá náà bá wọn wò ó, wọ́n ní ó dára, àfi pé ẹni inú fóònù kì í dọ̀tí. Ojú wọn ló kọ́kọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọjọ́ tí sukúrù kékeré kan bọ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀mẹta ni wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo ti parí ìsìnrú ìlú, mo wà nílé, mo ń wá iṣẹ́, nígbà tí Ìyá Sádé dé. Ó fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá.

"Ọmọ Mátíù apẹja ni mí, Bàbá."

Bàbá gbé ojú sókè. "Mátíù ti Ofosu?"

"Àwọn náà ni."

"Ṣé dáadáa ni wọ́n wà?"

"Wọ́n ti sùn, Bàbá. Ó ti pẹ́ díẹ̀."

Bàbá ṣí fìlà. Wọ́n bá a kẹ́dùn, wọ́n ní kí ó jókòó. Ìgbà náà ló sọ ọ̀rọ̀ èjìká rẹ̀, àti pé ẹnì kan ti wá wo ọkọ̀ náà, ó ń dúró de èsì kí ó rà á. Ó wá yọ pọ́ǹpù tuntun kan láti inú ọ̀rá. Ó kéré débi pé ọwọ́ kan lè dì í mú.

"Ṣé ẹ̀rọ nìyí?" ni Bàbá wí. "Mo rò pé o ra ife wá fún mi láti máa mu tíì ni."

"Bàbá, ẹ̀rọ ni o. Mo ti gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Gbogbo wọn ní kí n gbé ọkọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù."

"Kí ló dé tó ò gbé e lọ?"

"Bàbá mi ti kìlọ̀ fún mi pé ẹni tó bá ní kí n gbé ọkọ̀ wá sórí ilẹ̀, kí n má fún un."

"Kí ni wọ́n tún wí?"

Ìyá Sádé wo ilẹ̀. "Wọ́n ní bó bá di dandan kí n fi ẹ̀rọ sínú ọkọ̀, ẹni tó rì í ni kí n lọ bá. Wọ́n ní ẹni yẹn nìkan ló mọ bó ṣe ń rì."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́. "Mátíù," ni wọ́n ń wí. "Mátíù yìí."

Mo rò ó pé kò yẹ kí wọ́n lọ. Mo sì sọ ọ́. Mo ní bí ihò kan bá ṣì bọ́ síbi tí kò yẹ, pákó ọkọ̀ tó ti gbó yẹn ò ní gba òmíràn, Ìyá Sádé á sì pàdánù ohun tí ìbá tà. Bàbá gbọ́ mi dé ìparí.

"Òótọ́ lo sọ. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Ìwọ ni kó o wá máa bá mi wò. Ṣùgbọ́n ohun tó o bá rí ni kó o máa sọ, má sọ ohun tó o rò."

A lọ sí Ofosu pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́. Ọkọ̀ náà wà lórí omi, wọ́n so ó mọ́ èèkàn. Bàbá jókòó sórí àpótí létí odò, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí irinṣẹ́ kankan. Wọ́n ní kí a kọ́kọ́ di ẹrù sínú ọkọ̀. Ìyá Sádé kó àwọ̀n, agbọ̀n ẹja àti ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i.

"Ó tó, Bàbá. Mi ò kì í dì ju báyìí lọ."

"Ìwọ ò kì í dì ju báyìí. Ẹni tó máa bẹ̀ ọ́ ńkọ́?"

"Ta ni?"

"Ẹni tó bẹ bàbá rẹ."

Ìyá Sádé lọ pe àwọn ará àdúgbò. Àwọn ènìyàn bíi mẹ́fà wá, àwọn kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti àdúrà ọ̀sán pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. Ọkùnrin kan tó sanra, tí wọ́n ń pè ní Alàgbà Fìlípì, dúró sétí omi.

"Bàbá, ṣé kò ní rì?"

"Ohun tí a fẹ́ mọ̀ nìyẹn, Alàgbà. Ẹ wọlé."

"Ẹ jẹ́ kí Ìyá Bọ́lá kọ́kọ́ wọlé ná."

"Èmi kẹ̀?" ni Ìyá Bọ́lá wí. "Ẹ fi àpò kòkó méjì jù mí lọ. Ẹ wọlé, ẹ jẹ́ ká mọ̀ bóyá gbogbo iyán ọjọ́ Àìkú yẹn ní ìwúlò."

Alàgbà wọlé, àwọn yòókù tẹ̀ lé e, ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Bàbá ní kí n sọ ibi tí omi dé. Mo bọ́ sínú odò, mo fi èédú fa ìlà sára pákó níta, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn jáde. Bàbá wá sún mọ́ ọn, mo gbé ọwọ́ wọn lé ìlà náà nítorí pé wọn ò rí i dáadáa.

"Ibo ni kí a dá a sí, Bàbá?" ni mo bi wọ́n.

"Gbé e sókè."

"Ibí yìí?"

"Sókè sí i."

Ibi tí wọ́n dúró sí fi ìbú ọwọ́ kan ga ju ìlà náà lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí ọkọ̀. Bàbá mú irin adáhò, wọ́n fi ẹnu rẹ̀ lé àmì. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ẹnu irin ń rìn kiri lórí pákó. Wọ́n gbé e kúrò, wọ́n tún gbé e lé e, wọ́n sì nà án sí Ìyá Sádé.

"Ọkọ̀ rẹ ni. Fi ọwọ́ òsì yí i, kí Tólú bá ọ di orí rẹ̀ mú. Má kánjú."

Tólú ni èmi. Ìyá Sádé yí i. Lẹ́búlẹ́bú pákó díẹ̀ jáde, ihò náà sì yọ sí òdìkejì ní ibi tó yẹ kí ó yọ. Mo yẹ̀ ẹ́ wò nínú, mo yẹ̀ ẹ́ wò níta. Pákó náà ò là.

Ìyókù lọ ní ìrọ̀rùn. Bàbá ò jẹ́ kí a kan sukúrù mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀. A kan pọ́ǹpù mọ́ pákó pẹlẹbẹ kan, a sì so pákó náà mọ́ igi tó dábùú inú ọkọ̀ bí eegun ìhà ní ibi tó jìn jù, níbi tí omi máa ń kó jọ sí. A gbé rọ́bà gòkè dé abẹ́ etí ọkọ̀, a tẹ̀ ẹ́ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ kí ó tó jáde. Ibi tí wáyà ti pàdé, a gbé e ga, a fi gíríìsì bò ó, a fi rọ́bà dì í. Bátìrì wà nínú kẹ́ẹ̀gì tí a gé, súìṣì sì wà ní ọwọ́ òsì Ìyá Sádé. Ó bu omi odò sínú ọkọ̀, ó tẹ súìṣì. Pọ́ǹpù náà mu omi, ó tu ú jáde síta. Alàgbà Fìlípì ní ó dára bẹ́ẹ̀, kí a ṣe àdúrà ìparí.

"Kò tíì kan àdúrà, Alàgbà," ni Bàbá wí. "Ẹ pa á. Ẹ di ẹrù náà padà."

A rọ yanrìn sínú àpò dípò àwọn ènìyàn, a sì ń dì í títí omi fi kan ìlà èédú. Mo tún fi èédú sàmì sí ibi tí omi tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ọkọ̀ dé. Bàbá wá ní kí a jẹun.

Mo béèrè bóyá kí n fi fóònù ka àkókò. Wọ́n ní rárá. "Iye ìgbà tí Mátíù fi jẹun la máa dúró."

"Ta ló mọ̀ ọ́n?"

"Èmi mọ̀ ọ́n," ni Ìyá Sádé wí. "Bàbá mi kì í dìde nídìí oúnjẹ títí wọ́n á fi jẹ eegun ẹja tán. Ó máa pẹ́."

Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja ni. A jókòó sábẹ́ igi, Bàbá kẹ̀yìn sí odò. Ìyá Sádé gbé àwo tirẹ̀ lé ẹsẹ̀, kò sì bu òkèlè kan. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára ọkọ̀. Mi ò lè sọ ohun tó wà lọ́kàn Bàbá. Ohun tí mo rí ni pé wọ́n jẹ ẹja wọn, wọ́n jẹ eegun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fọ ọwọ́ pẹ́.

"Tólú, lọ wò ó. Sọ ohun tó o rí."

Mo lọ. Mo wo ìta, mo wo inú, mo fi ìka kan ihò náà.

"Ihò náà gbẹ, Bàbá. Omi ìsàlẹ̀ fi díẹ̀ ga ju àmì mi lọ. Ó tó ìwọ̀n tí ọkọ̀ ń jò tẹ́lẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Kí ọkọ̀ máa jò, iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà nìyẹn," ni Bàbá wí. "Ó ń ṣiṣẹ́ báyìí, Ìyá Sádé. Èyí ni mo lè sọ fún ọ."

Ìyá Sádé sọ lórí fóònù lẹ́yìn ìgbà náà pé òun ti ní kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ó ní òun ti jáde lọ ju àwọ̀n, àti pé èjìká òun ń sinmi. Bàbá gbà á gbọ́ pátápátá. Èmi náà fẹ́ gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì padà lọ wò ó. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí kẹ́yìn, nígbà tí ọkọ̀ tó máa gbé wa padà ti ń fọn fèrè lójú títì, ni pé ọkọ̀ odò náà ṣì léfòó pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀, ihò náà wà lókè omi, Ìyá Sádé sì ti gbé àwo rẹ̀ wọ inú rẹ̀, ó jókòó sáàárín àwọn àpò yanrìn, ó ń jẹ ẹ̀bà tó ti tutù.